Adé Orí Chaerin

Iyọ̀ ni ó tú àṣírí ilé Gitae, ní ọjọ́ tí gbogbo àdúgbò ń po kimchi, kábéèjì oníyọ̀ àti ata tí wọ́n ń tọ́jú jẹ ní ìgbà òtútù. Láti ọ̀sán àná ni kábéèjì ti wà nínú omi iyọ̀, nínú ọpọ́n rọ́bà pupa tó gba ìdajì àgbàlá. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé mọ́, àwọn obìnrin pé lé e lórí. Wọ́n ń ṣàn án, wọ́n ń fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n ń tò ó jọ bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Miran, ìyàwó Gitae, ló wà nídìí omi. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ìyá àgbà, jókòó sórí àpótí níwájú abọ́ ńlá, ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà dé ìgúnpá, ó ń po ata gígún, ááyù, atalẹ̀ àti omi ẹja oníyọ̀ pọ̀. Gitae ń ṣọ́ ìkòkò ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lórí iná, nítorí ẹni tó bá bá ni po kimchi gbọ́dọ̀ jẹ ẹran gbígbóná kó tó lọ ilé.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì. Lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ òfuurufú pàápàá kì í fò lákòókò tí àwọn ọmọ bá ń tẹ́tí sí ìbéèrè. Chaerin, ọmọ kan ṣoṣo tí Miran bí, wà lára àwọn tí yóò jókòó. Nítorí náà, ó ti di èèwọ̀ nínú ilé náà láti sọ pé nǹkan kan yọ̀ tàbí pé nǹkan kan já bọ́, nítorí ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn náà ni wọ́n fi ń pe ẹni tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Ọbẹ̀ ewé òkun tó ń yọ̀ lọ́fun, wọn kò sè é mọ́, kódà lọ́jọ́ ìbí Gitae. Nígbà tí Ìyá Sanggyu, àgbàlagbà tó ń gbé lódìkejì, tẹ ewé kábéèjì tútù, tí ẹsẹ̀ gbé e lọ tí ìdí rẹ̀ sì balẹ̀ gbì, ó wo ojú gbogbo wọn, ó ní:

"Mo jókòó ni o. Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ jókòó."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ìyá Dohui ló fà á dìde. Ògiri kan ló wà láàárín ilé tirẹ̀ àti ilé Gitae, ọmọbìnrin rẹ̀ Dohui àti Chaerin sì jọ wà ní kíláàsì kan náà. Ó ti gbé súìtì ìrẹsì tó ń lẹ̀ mọ́ eyín wá láàárọ̀, kí Chaerin lè lẹ̀ mọ́ yunifásítì bẹ́ẹ̀.

"Dohui ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?" ni Miran béèrè.

"Ó ń kàwé. Kí ni ì bá tún máa ṣe? Àmọ́ orí rẹ̀ kò yá bíi ti ọmọ tìrẹ. Tìrẹ gba ipò kẹta ní gbogbo ilé ìwé. Kí lẹ ń fún ọmọ yẹn jẹ gan-an?"

"Ìrẹsì náà ni. Ìrẹsì tí gbogbo wa ń jẹ."

"Irú ìrẹsì wo nìyẹn? Ẹ bù díẹ̀ fún wa."

Miran rẹ́rìn-ín, ó sì tẹ orí ba sínú ọpọ́n. Kì í ṣe ìrẹsì. Ọ̀já ike funfun kan ni, tó ń yí orí po, tó ní kànìnkànìn kékeré méjì nínú. A ó fi omi iyọ̀ díẹ̀ rin kànìnkànìn náà, iná bátìrì tí kò tó nǹkan á sì máa gba ibẹ̀ wọ orí. Adé ni wọ́n ń pè é nínú ilé. Àwọn tó ń tà á ní ó ń la ọpọlọ. Kí a má purọ́ mọ́ ọn, ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Chaerin ń ka ìwé bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, ohun tó bá kà láàárọ̀ á ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ lálẹ́, ó tilẹ̀ ń dápàárá. Ọkàn ìyá rẹ̀ balẹ̀ débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí òtútù dé, tí ipò kẹta kò di ipò kejì, Miran ló ń gbé ìpele iná rẹ̀ sókè. Ní àná, omi inú ìgò tó bá adé wá tán, èyí tí wọ́n sì béèrè fún kò tíì dé. Miran wo ọpọ́n kábéèjì. Iyọ̀ ni iyọ̀, ó sọ fún ara rẹ̀. Iyọ̀ tó lè mú kí kábéèjì líle tẹrí ba, kí ni kò ní lè ṣe fún orí ọmọ? Ó ri kànìnkànìn méjèèjì bọ inú rẹ̀, ó sì gbé e lọ fún ọmọ rẹ̀. Chaerin ní ó ń jó òun. Miran ní kó fara dà á, ó ku díẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, ọmọ náà kò tíì jáde. Bí ìyá rẹ̀ ti ń fún kábéèjì kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ ń lọ sí ilẹ̀kùn.

Ẹran jinná. Ìyá àgbà gé e wẹ́wẹ́, ó ya ewé kábéèjì tútù tó ti fi ata pa, ó fi wé ẹran, ó sì ké sí inú ilé pé, "Chaerin! Wá jẹun, ọmọ mi. Ẹran kì í dúró de ìwé."

Chaerin jáde. Ó dé fìlà òwú tó bò ó dé ìpéǹpéjú, bẹ́ẹ̀ ni òógùn wà létè rẹ̀. Ó kí wọn, ó dúró, ó ń wò wọ́n bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe.

"Ẹ wo ọmọ yunifásítì wa," ni Ìyá Sanggyu wí. "Ó ti rù. Ìwé ti jẹ ẹ́ tán."

"La ẹnu," ni ìyá àgbà wí. Ó fi ẹran náà sí i lẹ́nu gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe láti ìgbà tí ọmọ náà ti ní eyín. "Fìlà wo la wá ń dé jẹun? Bọ́ ọ."

"Òtútù ń mú mi, Màmá àgbà."

"Òtútù wo? O ò rí i pé o ń làágùn?"

"Màmá, ẹ fi í sílẹ̀," ni Miran wí, ó sì dìde lójijì tó fi da omi sí ara rẹ̀. Àmọ́ ọwọ́ ìyá àgbà ti dé orí fìlà, ìbọ̀wọ́ pupa tó kún fún ata ni. Ó fà á.

Fìlà náà ti lẹ̀ mọ́ orí. Nígbà tó ṣí, ó ṣí tòun ti awọ. Chaerin ké, ẹran já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rántí pé nǹkan kan kò gbọdọ̀ já bọ́ nínú ilé náà. Ojú egbò méjì wà lórí rẹ̀ tí irun ti kúrò, ọ̀kan lókè iwájú orí, èkejì lókè etí, wọ́n fẹ̀ tó ìdérí ìgò, wọ́n pọ́n, omi sì ń ti ibẹ̀ jáde. Ata ìka ìyá àgbà ti kan ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ náà ń fò sókè lójú kan, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì fẹ́ atẹ́gùn sí orí ara rẹ̀.

"Kí ni mo ṣe?" ni ìyá àgbà ń wí. "Kí ni mo ṣe fún ọmọ mi?"

Miran gbé ìkòkò omi mímọ́, ó rọ ọ́ lé ọmọ lórí, ó tún rọ ọ́. Ìyá Sanggyu fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Dohui súnmọ́ wọn. Ó tẹ ọrùn síwájú, ó ń wo egbò méjì náà dáadáa.

Miran wọ yàrá ọmọ, ó mú adé náà jáde, ó sọ ọ́ sílẹ̀ nínú ilé ìdáná lẹ́bàá ibi tí wọ́n ń fọ abọ́. Gitae ló fi ọkọ̀ ẹrù rẹ̀ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní oríta. Dókítà tó wà níbẹ̀ jẹ́ obìnrin, ojú rẹ̀ ti wú nítorí àìsùn. Ó wo orí náà, ó mí kanlẹ̀, kò sì béèrè ohun tó fà á. Miran rí i pé kò béèrè, ẹ̀rù sì bà á ju bí ì bá ti bà á bó bá béèrè lọ.

"Ta ló gbé e sí ìpele tó ga báyìí?" ni dókítà wí.

Miran la ẹnu.

"Èmi ni," ni Chaerin wí.

Irọ́ ló pa. Ó pa á láìwo ojú ẹnikẹ́ni, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ kó pa á.

Dókítà nu egbò, ó lẹ nǹkan mọ́ ọn. Ó ní ara yóò jinná, àmọ́ irun tó wà lókè etí, òun kò lè ṣèlérí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó síwájú ọmọ náà. "Yọ méje nínú ọgọ́rùn-ún fún mi. Ohun tó bá ṣẹ́ kù, tún yọ méje nínú rẹ̀, kó o máa yọ ọ́ lọ."

"Mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún," ni Chaerin wí kíákíá. "Mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún." Ó dúró. Ètè rẹ̀ ń mì. "Mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún," ó tún wí. Ó wá yíjú wo ìyá rẹ̀, bí ọmọ tí ọwọ́ ìyá rẹ̀ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín èrò.

Ọmọ tó ń fi ìṣirò ṣeré ni èyí. Nígbà tó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òun ló ń ṣírò owó fún àwọn oníbàárà ní ìsọ̀ àdúgbò kí ẹ̀rọ tó dá wọn lóhùn.

"Ṣé ẹ̀rọ yẹn ló fà á, dókítà?" ni Gitae béèrè.

"Bóyá òun ni. Bóyá àìsùn ni. Bóyá méjèèjì ni." Dókítà kò jágbe, ì bá sì sàn kó jágbe. "Àwọn aláìsàn tí ìbànújẹ́ dè mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ fún, dókítà á sì dúró tì wọ́n. Ohun tó ń ṣe fún orí ọmọdé tó bá pẹ́ níbẹ̀, a kò tíì mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń tà á náà kò mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kó sùn. Kí ohunkóhun má kan orí rẹ̀ mọ́. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ọjọ́bọ̀ ńkọ́?" ni Miran wí. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mọ̀.

Dókítà wò ó. Ó ní kí wọ́n pe ẹni tó kàn. Ọmọkùnrin tó wọlé bí wọ́n ti ń jáde dé fìlà tó bò ó dé ìpéǹpéjú.

Nígbà tí wọ́n délé, àwọn obìnrin ṣì wà nídìí kábéèjì. Kábéèjì tó ti gba iyọ̀ kì í dúró de ìbànújẹ́ ẹnikẹ́ni; bí a kò bá pò ó lónìí, ó bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n ń kó ata sáàárín ewé, ewé kan tẹ̀ lé òmíràn, ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Miran mú Chaerin lọ sùn, ó wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó jókòó sáàárín wọn. Gitae dúró lé e lórí.

"Ta ló ní kó o gbé e dé ibẹ̀ yẹn?"

"Nígbà tó gba ipò kẹta, ta ló ra ẹran fún gbogbo ibi iṣẹ́ rẹ?"

"Mo ra ẹran. Mi ò ní kó o dáná sun orí ọmọ mi."

"Ó ti wá di ọmọ rẹ lónìí. Ta ló ń sọ fún un lálaalẹ́ pé kó má di awakọ̀ ẹrù bíi bàbá rẹ̀?"

Gitae kẹ̀yìn sí i. Ó wọ ìdí ìkòkò ẹran lọ, ó sì pa iná tó ti kú tẹ́lẹ̀.

"Kí lẹ fi rin ín?" ni Ìyá Sanggyu béèrè pẹ̀lẹ́. "Àbúrò mi kan náà ra irú rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, kò sun ún báyìí."

"Omi kábéèjì," ni Miran wí.

Gbogbo wọn wo ọpọ́n pupa. Ìyá àgbà, tó da iyọ̀ yẹn sínú omi fúnra rẹ̀, bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó gbé e sórí itan. "Àṣejù," ó wí. Kò parí rẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ ibi tí òwe náà parí sí. Lẹ́yìn náà ni omijé bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú rẹ̀, kò sì fi ọwọ́ nù ún, nítorí ata.

Ìyá Dohui ń kó ata sáàárín ewé lọ ní tirẹ̀. "Ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n ní kéèyàn lò ó lójúmọ́?"

"Ogún. Èmi ń jẹ́ kó pé wákàtí kan."

"Àti omi iyọ̀ díẹ̀. Tí kò ní èérí kábéèjì nínú."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rí orí ọmọ yẹn."

"Mo rí i. Mo kàn ń béèrè ni."

Ọ̀rọ̀ náà dúró síbẹ̀. Wọ́n parí iṣẹ́ nígbà tí òòrùn ti ń rọlẹ̀. Wọ́n di kimchi sínú àwọn àpótí ike, ti ilé, ti Ìyá Sanggyu, ti Ìyá Dohui. Ìyá Dohui wọ ilé ìdáná lọ fúnra rẹ̀ láti gbé tirẹ̀, ó dúpẹ́, ó ní kí Ọlọ́run tù wọ́n nínú, ó sì lọ kíákíá. Ẹran tí wọ́n gé ṣì wà nínú àwo, ọ̀rá ti dì lé e lórí.

Miran da omi ọpọ́n náà sínú gọ́tà. Ó dúró títí omi iyọ̀ fi gbẹ nílẹ̀. Ó wá pinnu pé adé náà yóò bá omi náà lọ, òun yóò fi òkúta fọ́ ọ lójú ọmọ rẹ̀, òun yóò bẹ̀ ẹ́, Ọjọ́bọ̀ yóò sì kọjá bí Ọjọ́bọ̀ mìíràn. Ọdún mìíràn á dé. Ó wọ ilé ìdáná. Lẹ́bàá ibi tí wọ́n ń fọ abọ́, níbi tó sọ ọ́ sí kí wọ́n tó lọ sí ilé ìwòsàn, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ó sáré wọ yàrá Chaerin. Ọmọ náà kò sùn. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ti tú ibùsùn, ó ti tú àpò ìwé, bọ́ọ̀lù òwú funfun méjì lẹ̀ mọ́ orí rẹ̀.

"Màmá, ibo lẹ gbé e sí?"

"Kò sí lọ́wọ́ rẹ?"

"Ẹ má ṣe mí báyìí. Ibo lẹ gbé e sí?"

Nígbà náà ni Miran rántí ẹni tó wọ ilé ìdáná kẹ́yìn. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ṣùgbọ́n ta ni ì bá rò pé ẹlòmíràn yóò wá bu iná náà lọ sórí òrùlé tirẹ̀? Ó jáde tòun ti bàtà rọ́bà tó fi ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, ata wà lára rẹ̀, kò kan aago ẹnu ọ̀nà. Ó gbá ilẹ̀kùn Ìyá Dohui, títí tí Ìyá Dohui fi ṣí i díẹ̀.

"Ìyá Chaerin. Ṣé kò sí?"

"Ẹ fún mi."

"Kí ni kí n fún ọ?"

Àlàfo ilẹ̀kùn náà tó fún ojú. Dohui jókòó sídìí tábìlì, ìwé wà níwájú rẹ̀, ife omi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, adé funfun náà sì wà lórí ọmọ náà. Iná kékeré tó wà lára rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Ọmọ náà wo Miran, ó sì sọ ojú sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rí ohun tó ṣe fún ọmọ mi. Lójú yín ni."

"Ohun tó ṣe kọ́. Ohun tí o ṣe ni." Ohùn Ìyá Dohui kò ga, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń sọ iye ata tó yẹ ọbẹ̀. "Tèmi, omi mímọ́ ni, pẹ̀lú iyọ̀ ìka méjì. Ogún ìṣẹ́jú. Ó gbé ọmọ rẹ dé ipò kẹta, o sì ń fi ìrẹsì tàn mí jẹ. Ọjọ́ márùn-ún péré ni mo fẹ́. Tí mo bá fún ọ padà nísinsìnyí, kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé o fẹ́ fọ́ ọ ni, àbí o fẹ́ gbé e fún ọmọ rẹ lọ́jọ́ Ọjọ́rú?"

Ìdáhùn wà lẹ́nu Miran. Ó yẹ kó sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó yà á lẹ́nu pé kò sọ ọ́, pé ohun kan nínú òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò: bí adé bá wà lórí Dohui, tí kò sí lórí Chaerin, ta ni yóò wà níwájú?

"Màmá."

Chaerin ti tẹ̀ lé e. Kò dé fìlà, kò wọ ẹ̀wù òtútù, ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà sì ń tàn sí òwú funfun méjì tó wà lórí rẹ̀. Miran rò pé ó wá kìlọ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ fẹ́ dúpẹ́.

"Dohui, jọ̀ọ́," ni Chaerin wí, "tèmi ni. Fún mi padà. Mi ò lè ka ojú ìwé kan dé ìsàlẹ̀ mọ́ bí kò bá sí lórí mi. Àwọn àgbà ni kò mọ̀. Mi ò lè ka ojú ìwé kan."

Dohui fi ọwọ́ méjèèjì di adé náà mú mọ́ orí.

Ní ìlú náà, olè àti panápaná nìkan ló ń wọ bàtà wọ ilé ẹni. Miran ti ilẹ̀kùn, ó wọlé tòun ti bàtà. Ipa ẹsẹ̀ pupa tẹ̀ lé e láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí tábìlì. Ó ṣí ọwọ́ Dohui lórí adé níka níka, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ. Ó gbé e sílẹ̀, ó sì fi bàtà rọ́bà rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó tún un tẹ̀. Ike náà fọ́, iná kékeré náà kú.

Àwọn ọmọ méjèèjì ké lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé orí wọn gan-an ló tẹ̀. Dohui kúnlẹ̀. Chaerin wọlé, ó kúnlẹ̀ tì í. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àfọ́kù rẹ̀ nílẹ̀ nínú ata, wọ́n ń gbìyànjú láti fi ọ̀kan mọ́ èkejì, omijé ń bọ́ sórí ọwọ́ wọn.

Miran dúró lé wọn lórí, kò mọ èwo ni kó kọ́kọ́ gbé dìde. Ìyá Dohui kò bínú. Ó lọ mú aṣọ ìnulẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń nu ipa ẹsẹ̀ pupa náà láti ẹnu ọ̀nà bọ̀.

"Ìyá Chaerin," ó wí láìgbójú sókè, "wọ́n ṣì ń tà á."